Bí Mo Ṣe Fọ Ìbọn Múfú Bí Ìkòkò

“Bí inú rẹ̀ kò bá dán bí àwo, á bẹ́ mọ́ ọ lójú! Fi yanrìn fọ̀ ọ́!” Ìkìlọ̀ tí àgbà ọdẹ kan ṣe fún ọmọ rẹ̀ nípa ìbọn lójú mi ní Masifa lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. Òun ló mú mi kọ ìwé yìí, nítorí èmi náà gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ rí.

Ní àwọn ọdún tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́pò pọ́n-ùn, mò ń bá bàbá ọkọ mi ṣiṣẹ́ ní Èjìgbò. Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n. Ìbọn ṣakabùlà, tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu, ni wọ́n ń tún ṣe. Èmi ni mo ń fọ̀ wọ́n. Ọkọ mi wà ní Abíjáàn, Múfú ọmọ wa sì ti di ọdẹ. Àyà mi kì í balẹ̀ bó bá ti gbé ìbọn jáde. Mo ti gbọ́ pé ìbọn tó dógùn-ún nínú lè fọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Bó bá ti dé báyìí, mo ti gba ìbọn: mo da yanrìn àti eérú sí i, mo so wáyà mọ́ orí ọ̀pá irin, mo ń gún un lọ, mò ń gún un bọ̀. Bí mo ṣe ń fọ ìkòkò nìyẹn, ìkòkò mi sì máa ń dán!

Múfú wá bẹ̀rẹ̀ sí í tàsé.

“Màámi, iwájú ni mo kọjú ẹ̀ sí, òsì ló yà sí.”

“Ojú ẹ ni. O kì í sùn dáadáa.” Mo tún fọ ìbọn sí i.

Nígbà tó tàsé ọ̀yà kan tó dúró bí ẹni ń dúró de ìyàwó, Bàbá gba ìbọn náà. Wọ́n tú irin tó dí ìdí rẹ̀, wọ́n yá awò tí Àáfà tó ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi ń sọ ohun kékeré di ńlá, wọ́n wá kọjú ìbọn sí oòrùn.

“Ìyàwó, wá wò ó.”

Irin tó ń dán lójú lásán ti dà bí ilẹ̀ tí adìyẹ tàn.

“Háà! Ìpáàrà ti jẹ ẹ́ tán, Bàbá!”

“Kòtò ni ìpáàrà máa ń gbẹ́. Ṣé kòtò lo rí?”

“Rárá, Bàbá. Ìlà ni, gbọọrọ, láti ẹnu wọnú lọ.”

“Kí ló ń gba ẹnu wọlé?”

Mo wo ọ̀pá irin ọwọ́ mi.

Etí ẹnu ìbọn náà tún ti jẹ sí apá kan, níbi tí ọ̀pá mi máa ń fara tì gan-an. Bàbá ní, “Ẹnu tó bá wọ́, kí ló fẹ́ sọ tí kò ní wọ́?”

“Ṣé irin rẹ̀ kò ti fẹ́lẹ́, Bàbá? Ṣé kò ní pa Múfú?”

Wọ́n ní àwọn á dán an wò. Wọ́n fi ayùn gé ibi tó jẹ náà kúrò, wọ́n sì fi fáìlì, irin tó ní eyín wẹ́wẹ́, rẹ́ ẹ kó tẹ́. Ni Múfú bá pariwo: “Ẹ wá wo olóólà! Màámi ti kọlà fún ìbọn!” Gbogbo ọdẹ Èjìgbò ló wá ń fi orúkọ náà pè mí.

Bàbá dí ìdí ìbọn padà, wọ́n ki ẹ̀tù sí i, wọ́n dè é mọ́ igi, wọ́n so okùn mọ́ ibi tí a ń fà. Mo ní Múfú kò ní fà á, èmi ni. Mo lọ sẹ́yìn odi, mo di ojú, mo fà á. Ó dún gbàmù. Nígbà tí mo lajú, ilẹ̀ ni mo wà.

“Màámi, ẹ dìde. Ìbọn ò là, ẹ̀yin lẹ fẹ́ẹ̀ là.”

Mo fọwọ́ pa irin náà yí ká, kò sí ibi tó sán. Ìgbà yẹn ni mo tó mí. Láti ọjọ́ náà, ibi tí Múfú bá kọjú ìbọn náà sí ló ń lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọdẹ nílé, mo bẹ̀ yín: bí ẹ bá ti rí i dájú pé kò sí ẹ̀tù nínú ìbọn, omi gbígbóná, aṣọ rírọ̀ àti òróró díẹ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ má fi yanrìn tàbí wáyà kàn án. Bó bá ń tàsé, ẹ gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ kó wo inú rẹ̀.