Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi àti Oyún Mi Kejì

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ alárè. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ arójò-joyè, ọmọ alágemọ mẹ́rìndínlógún. Adúmáadán tí í dán bí kóró iṣin. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹni tí mi ò fi ẹnu mi pe orúkọ àbísọ rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn títí ẹ̀mí fi bọ́.

Ìyàwó kì í pe àwọn tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Adúmáadán ni orúkọ tí èmi fún wọn, torí pé wọ́n dúdú, ara wọn sì máa ń dán bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti balùwẹ̀ jáde. Nígbà tí ọkọ mi gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín. Àwọn fúnra wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ó dáa. Jẹ́ kí n wò ó bóyá wàá ṣì máa pè mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá jà." A jà lóòótọ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Mo ṣì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Nínú ilé tí èmi àti wọn jọ gbé ní Agége ni mo ti ń kọ èyí. Kò sí ẹni tó kù níbí tí mo lè bi pé, "Ṣé ẹ rántí?" Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Ní àkókò SAP, ètò ọrọ̀ ajé tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, nígbà tí àwọn sójà ń ṣèjọba, ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi àti àwọn obìnrin mìíràn la ń to bísíkíìtì sínú páálí, òórùn ṣúgà kì í sì í kúrò lára aṣọ mi bí mo tilẹ̀ fọ̀ ọ́. Ọkọ mi ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ. Adúmáadán ní tiwọn máa ń dúró lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe abọ́ tánganran. Wọ́n á ra abọ́ tó lábùkù, tí a ń pè ní rìjẹ́ẹ̀tì, wọ́n á kó o wá tà ní Agége. Wọ́n á fi èékánná ta abọ́ kan, wọ́n á tẹ́tí sí ohùn rẹ̀, wọ́n á sọ fún ẹ bóyá ojú lásán ni àbùkù náà wà àbí ó ti wọnú.

Nígbà tí mo lóyún àkọ́kọ́, inú wọn dùn ju ti ọkọ mi lọ. Àwọn fúnra wọn ò lọ́mọ. Ọkọ méjì ni wọ́n ti fẹ́ kí wọ́n tó padà wá máa dá gbé. Àwọn ará àdúgbò ní àgàn ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jẹ́ sọ ọ́ lójú wọn. Bí wọ́n bá ti ta ọjà, wọ́n á gbé mọ́ọ̀tì wá fún mi, pẹ̀lú mílíìkì inú agolo àti gúlúkóòsì. Wọ́n á pò ó pọ̀, wọ́n á dúró tì mí.

"Mu ún. Ẹ̀jẹ̀ ni."

Bí gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Mọ́ọ̀tì àti mílíìkì ló ń sọ ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀ lára aboyún, ọmọ ńlá sì ni ẹ̀rí pé ẹ̀jẹ̀ wà. Nílé ọkọ mi, ọmọ ńlá ni ohun ìyangàn. Ọmọ kékeré ni wọ́n ń fojú àánú wò.

Ọsibítù kékeré kan tí kò jìnnà sílé ni mo bí i sí. Orí ọmọ jáde, ọmọ ò jáde. Ejìká rẹ̀ há, bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ gbé àga ńlá gba ẹnu ọ̀nà tó fún. Nọ́ọ̀sì kan gun orí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìsàlẹ̀ ikùn mi. Èkejì ń fà á. Mo gbọ́ ìró kan bíi pé ẹnìkan dá igi gbígbẹ. Nígbà tó jáde, apá rẹ̀ ọ̀tún rọ̀ bí ọwọ́ ẹ̀wù tí a sá sórí okùn. Ẹ̀jẹ̀ ò sì tètè dá lára mi. Mo ń gbọ́ ohùn wọn bíi pé ìsàlẹ̀ kànga ni mo wà.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ńṣe ni wọ́n ń gbé ọmọ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

"Ẹ wo géńdé."

"Èyí ò ní mu ọmú o. Ẹ rọ ẹ̀bà fún un."

"Ọjọ́ wo ló máa gbéyàwó?"

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo tú aṣọ lára ọmọ, mo gbé apá náà sókè. Ó ṣubú. Mo tún gbé e. Ó tún ṣubú. Kò sẹ́ni tó bi mí bí ara tèmi ṣe rí, èmi náà ò sì mọ ọ̀rọ̀ tí mo lè fi sọ ọ́. Apá yẹn padà ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò bọ̀ sípò tán.

Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kógbá sílé. Owú kò ṣe é rà mọ́, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ. Ọkọ mi gba Kánò lọ, ó rí iṣẹ́ ẹ̀rọ níbẹ̀. Ó di pé Iléyá nìkan la ń rí i. Ọmọ wa ti ń sáré kiri nígbà tó wálé ní ọdún kan, tó tún padà. Kò pẹ́ tó lọ tán ni mo mọ̀ pé mo ti lóyún.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mò ń to bísíkíìtì, mò ń ro ejìká.

Ìyá Ìbejì, tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi, ló kọ́kọ́ fura, torí ó ń rí i tí mò ń tutọ́ kiri. Mo sọ ìbẹ̀rù mi fún un.

Ó ní, "Ìyẹn ò le. Ẹ̀kọ lásán ni kí o máa mu. Ọmọ ò ní rí nǹkan jẹ débi tó máa tóbi."

"Tí ebi bá wá pa mí ńkọ́?"

"Ebi kì í pa aboyún. Ìpanu ló ń pa á."

Mo ránṣẹ́ sí ọkọ mi nípasẹ̀ awakọ̀ kan tó ń kó obì láti Agége lọ sí Kánò. Èsì tí awakọ̀ náà mú bọ̀ kò gùn. Ọkọ mi ní ohunkóhun tí ẹ̀gbọ́n òun bá wí ni kí n ṣe.

Èmi sì mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa wí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu Adúmáadán nígbà tí àwọn dókítà ṣiṣẹ́ abẹ ìbímọ fún obìnrin kan ládùúgbò: "Nínú ìdílé tiwa, a kì í fi ọ̀bẹ wá ọmọ." Ṣùgbọ́n ní ti èmi, ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹnìkan sọ fún mi pé mi ò ní gba ọ̀nà yẹn mọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀bẹ, kó jẹ́ ọ̀bẹ.

Mo lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ìkẹjà láti forúkọ sílẹ̀. Síísítà tó wà nídìí tábìlì wò mí.

"Ọkọ ẹ dà?"

"Ó wà ní Kánò, mà."

"Ta ló wá máa fún wa lẹ́jẹ̀?"

Nígbà náà, ọkọ ní láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó gba orúkọ ìyàwó rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè wà nílẹ̀ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

"Lọ mú un wá."

"Láti Kánò?"

"Èmi kọ́ ni mo rán an lọ."

Mo gba ọ̀dọ̀ Adúmáadán lọ ní ìsọ̀ wọn. Wọ́n jókòó sáàárín abọ́. Mo sọ pé mo lóyún, mo sì sọ ti ẹ̀jẹ̀. Mi ò sọ ti ọ̀bẹ.

Wọ́n ní, "Ẹ̀jẹ̀ ọkọ ẹ ni wọ́n ń bèèrè, o wá dúró sí ọ̀dọ̀ mi ò ń sunkún. Ìdílé ló fẹ́ ẹ, kì í ṣe ẹnìkan. Ọjọ́ wo ni wọ́n ń gbà á?"

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n tẹ̀lé mi. Síísítà náà rántí mi.

"Ṣebí mo ní kí o mú ọkọ wá."

Adúmáadán ní, "Òun náà ló mú wá yìí."

Síísítà wo gèlè wọn, ó wo ìró wọn. "Mama, ọkọ ọkùnrin ni mò ń wí."

"Àbúrò mi lọkọ rẹ̀. Ìyá kan náà, bàbá kan náà. Fa tèmi, kí o wò ó bóyá aró ló máa jáde."

Aboyún kan lórí bẹ́ǹṣì ní, "Ìyá, ẹ bá mi fi tèmi náà kún un. Ọkọ tèmi wà l'Ékòó ńbí, ó ti sá." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Síísítà náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ Adúmáadán.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò, obìnrin tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, bi mí nípa ìbímọ àkọ́kọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní ọmọ tí ejìká rẹ̀ ti há rí, ti ẹ̀yìn rẹ̀ náà lè há. Ó ní ṣúgà wà nínú ìtọ̀ mi, pé àwọn á máa ṣọ́ ọ. Tí oyún bá gbó, àwọn á wo bí ọmọ ṣe tóbi tó. Tó bá tóbi, àwọn ò ní dúró de ìrọbí, iṣẹ́ abẹ ni àwọn máa ṣe. Ó wá bèèrè pé, "Kí lẹ̀ ń jẹ nígbà ti àkọ́kọ́?"

Adúmáadán ló dáhùn. "Mọ́ọ̀tì. Mílíìkì. Gúlúkóòsì. Èmi ni mò ń gbé e wá."

Dókítà ò bínú. Ó ní, "Ẹ má gbé e wá mọ́, Mama. Ó lè jẹ́ pé ṣúgà yẹn ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́ọ̀tì ò ràn wọ́n lọ́wọ́."

A wọ mọ́tò. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Agége, mo ní, "Ti iṣẹ́ abẹ yẹn ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Má bá mi sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ."

Wọ́n yà sí ọ̀nà ìsọ̀ wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò wá mọ́. Bí mo bá kọjá níwájú ìsọ̀, wọ́n á dá mi lóhùn ìkíni, wọ́n á tún dojú kọ abọ́. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, pé wọ́n ti fi mí sílẹ̀ fún ejìká. Ikùn mi ń yọ. Mo ń dé láti ibi iṣẹ́, mò ń se ewébẹ̀ àti ẹ̀wà, mò ń bọ́ ọmọ mi, mò ń ti ilẹ̀kùn. Ọkọ wà ní Kánò, ìyá mi ti kú. Ọmọ inú mi nìkan ló ń dá mi lóhùn, ẹsẹ̀ ló sì ń fi dáhùn.

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè kan, Adúmáadán ṣí ilẹ̀kùn mi láìkanlẹ̀kùn. Wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú àti ẹ̀fọ́ dání. Wọ́n sè é, wọ́n bu tèmi, wọ́n bu tiwọn. Nígbà tí a jẹun dé àárín, wọ́n ní, "Ejìká ni."

Mo ní, "Kí ni, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Tèmi náà. Nílé ọkọ mi àkọ́kọ́, ní abúlé. Orí jáde. Ìyá tó ń gbẹ̀bí ní kí n kúnlẹ̀ dáadáa, pé mò ń ṣọ̀lẹ. Ọkùnrin ni. Ó tóbi débi pé wọ́n ń yìn ín nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sin." Wọ́n mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, wọn ò fi sẹ́nu. "Láti ìgbà yẹn, kò sí oyún tó dúró mọ́. Wọ́n ní àgàn ni mí. Mo jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ó sàn ju kí wọ́n máa bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Ohun tí mò ń bọ́ ẹ nígbà yẹn, ẹ̀jẹ̀ ni mo rò pé ó jẹ́."

"Mo mọ̀, mà."

"Jẹ́ kí wọ́n là á. Èmi ni màá tẹ̀ka sí ìwé ọsibítù."

Nígbà tí Ìyá Ìbejì gbọ́, ó ní, "Ẹ̀yin náà gbà kí wọ́n lanú ìyàwó yín?" Adúmáadán ní, "Inú tìẹ ni wọ́n fẹ́ là?" Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Oyún gbó, Dókítà wò ó, ó ní ọmọ náà tóbi, ó sì fún wa lọ́jọ́. Epo bẹntiróòlù ò sí nígboro ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kò sí mọ́tò. Awakọ̀ búrẹ́dì kan ló gbé wa dé Ìkẹjà. Èmi jókòó níwájú, Adúmáadán wà lẹ́yìn láàárín búrẹ́dì gbígbóná. Wọ́n tẹ̀ka. Wọ́n di ọwọ́ mi mú títí dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ, tí àwọn nọ́ọ̀sì ò jẹ́ kí wọ́n kọjá.

Ọmọbìnrin ni. Kò kéré rárá. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ńṣe ni òun gba ọmọ lọ́wọ́ Mama, torí pé wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n ń gbé apá rẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì fẹ́ dáwọ́ dúró. Nígbà tí àkókò àbẹ̀wò tó, àwọn ọkọ wọlé pẹ̀lú fúláàsì lọ́wọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tèmi, Adúmáadán ti sùn lọ lórí àga, ẹnu wọn là sílẹ̀. Ojú ọgbẹ́ ń dùn mí. Mo ń wò wọ́n, mo ń sunkún, mi ò jẹ́ kó ní ohùn.

Ládùúgbò, àwọn kan ní mi ò bímọ, pé wọ́n kàn gbé e fún mi ni. Adúmáadán ní, "Ẹ lọ kí wọ́n la tiyín náà, kí a wo ohun tí wọ́n máa gbé fún yín."

Ọkọ mi fẹ́ ìyàwó sí Kánò. Wíwálé rẹ̀ dín kù, ó sì kú síbẹ̀. Wọ́n ti sin ín kí a tó gbọ́. Àkọ́bí mi wà lókè òkun, àbúrò rẹ̀ wà ní Ìbàdàn. Ó wá ku èmi àti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, wọ́n sì kó wá sọ́dọ̀ mi. A jọ darúgbó pọ̀, a jọ ń jẹun nínú àwo kan. Àwọn nìkan ni mo lè sọ fún pé, "Orí jáde, ọmọ ò jáde," tí mi ò ní ṣàlàyé.

Wọ́n kú lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, lórí ẹní ìrun. Àwọn àgbà ẹbí dé, wọ́n ní kí a tètè ṣe é, pé kò sí ọmọ tí a ń dúró dè. Nígbà tí wọ́n bèèrè ẹni tó jẹ́ ọmọ olóòkú, ọmọbìnrin mi dìde. Ó ti wọlé láti Ìbàdàn nígbà náà. Ó ní, "Èmi ni." Kò sẹ́ni tó jiyàn.

Èmi àti òun, àti àwọn obìnrin méjì láti mọ́ṣáláṣí, la wẹ̀ wọ́n. Nígbà tí a dé ibi ikùn, àwọn ilà tí oyún ńlá ń fà sí awọ wà níbẹ̀, wọ́n funfun, láti ìdodo dé ìsàlẹ̀. Àwọn obìnrin náà wo ara wọn, wọ́n wò mí. Mo ní, "Ẹ da omi."

A sin wọ́n lọ́jọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àìlà, ní itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí ní Agége.