Òkè Tó Ń Kúrú

Àtàǹpàkò obìnrin náà ń rìn lórí pẹlẹbẹ bàbà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ẹ̀gún látẹ́lẹsẹ̀ ọmọ. Ó dúró. Ó padà sẹ́yìn. Ibi tó ti fi irin fá ṣì ń họ ọ́ lọ́wọ́.

Kò tíì dán tó.

Ẹsẹ̀-ò-gbélé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń pè é. Ìwé àwòrán ilẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn méjèèjì: odò, àfonífojì, ọ̀nà tó wọgbó lọ. Òun a fi ìda bo bàbà, a fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán sára ìda, a rì í sínú ásíìdì kó lè jẹ ojú ìlà wọnú. Ẹ̀gbọ́n a fi tàdáwà kún ojú ìlà, a tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tútù, a rán an pọ̀ di ìwé.

Ìwé tuntun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó ku òkè kan ṣoṣo.

Àwọn afọ́kúta wà nídìí òkè yẹn. Bó bá yà á tán, tó tún lọ wò ó, wọ́n á ti gé lára orí rẹ̀. Òun a padà wálé, a fá orí òkè inú bàbà kúrò, a ya òmíràn tó kúrú sí i. Ásíìdì. Omi. Ó tún di ọ̀nà òkè. Oúnjẹ a tutù sórí tábìlì. Àga rẹ̀ kì í gbóná.

"Ṣé òkè yẹn lọkọ rẹ ni?" ẹ̀gbọ́n bi í.

"Bó bá ṣe pé ọkọ ni, ẹ̀gbọ́n mi, ì bá ti sá fún mi."

"Ó kúkú ń sá lọ díẹ̀díẹ̀."

"Ẹni tó bá ra ìwé, tó lọ dúró síwájú òkè, á ní irọ́ ni mo pa."

"Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Àtàná ni mo ti rẹ bébà sómi. Tí a ò bá tẹ̀ ẹ́ lónìí, á bu."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó ti wọ bàtà kó tó sọ ọ́ tán.

Ẹ̀gbọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wo bébà. Ó gbé bàbà sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Nígbà tí obìnrin náà dé, eruku òkúta lójú, ìròyìn lẹ́nu pé wọ́n tún ti gé e, àwòrán ti ń gbẹ lórí okùn. Bàbà kì í gbàgbé tán. Gbogbo orí òkè tó ti fá dànù ló jáde, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èéfín, ọ̀kan lórí èkejì, títí wá dé èyí tó kúrú jù, tó dúdú kedere nísàlẹ̀.

"Ẹ ti bà á jẹ́." Ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá irin tó fi ń fá bàbà.

Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ náà mú. "Fi irọ́ hàn mí nínú wọn."

Obìnrin náà wo àwòrán. Ó tún wò ó. Kò rí èyí tó lè tọ́ka sí.

"Ẹ tẹ ìyókù," ó ní, ó sì jókòó.

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà ṣe jáde. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n ló ń sọ ìgbà tí àwòrán bá parí.