Àlejò Àjíǹde Tí Bàbá Mi Gbé Wálé

Ẹni tó bá gbọ́ pé ọmọ Ìlọrin ni mí, tó tún gbọ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń lọ láti kékeré, á kọ́kọ́ wò mí lójú bóyá mò ń fi òun ṣeré. Mi ò ṣeré o! Bàbá mi jẹ́ ọmọ onílé nínú Ìlọrin, mùsùlùmí tí ìrun kì í kọjá lórí ẹ̀. Ìyá mi jẹ́ onígbàgbọ́ láti ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà Ọ̀fà. Kí wọ́n tó fẹ́ra ni wọ́n ti ṣàdéhùn pé àwọn ọmọkùnrin á máa bá bàbá lọ sí mọ́sálááṣí, àwọn ọmọbìnrin á máa bá ìyá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi nìkan ni ọmọbìnrin tí wọ́n bí. Báyìí ni mo ṣe dẹni tó ń jẹ ẹran Iléyá, tó tún ń jẹ ìrẹsì Kérésì, mi ò sì tíì rí ọmọ tó jayé jù mí lọ ní àdúgbò wa.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bàbá mi á fi alùpùpù gbé èmi àti ìyá mi dé ẹ̀gbẹ́ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Á ní ká rántí òun nínú àdúrà, á sì yí orí alùpùpù padà sí Ọjà Tuntun níbi tó ti ń ta aṣọ. Kò wọ inú ọgbà yẹn rí. Ìyá mi náà kò sọ fún un rí pé kó wọlé.

Ọdún Àjíǹde ni ọdún tiwa gan-an. Ṣọ́ọ̀ṣì wa kéré nígbà náà, gbogbo wa la mọra, ṣùgbọ́n tí Àjíǹde bá ti dé, àwọn onígbàgbọ́ láti àwọn abúlé àti ìlú tó yí wa ká á ya wọ Ìlọrin láti bá wa sìn. Ta ló ń sọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì? Ilé àwọn ọmọ ìjọ ni wọ́n ń pín àlejò sí. Yàrá kan lè gba ìyá mẹ́rin pẹ̀lú ọmọ wọn, àwọn ọkùnrin á tẹ́ ẹní sí ọ̀ọ̀dẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, orin á máa ti ojúlé kan bọ́ sí ojúlé kejì. Háà, ó dùn! Títí di òní, tí mo bá gbọ́ òórùn kòkó gbígbóná bí irú èyí tí à ń fún àwọn àlejò láàárọ̀ kùtùkùtù, inú mi a máa dùn láìnídìí.

Ilé tí wọ́n bá fi àlejò sí, iyì ni fún un. Ilé tí wọ́n bá wá fi pásítọ̀ àlejò sí, ẹ má wulẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, odidi ọdún kan ni ìyá ilé yẹn á fi máa yan fanda. Ṣùgbọ́n wọn ò fi àlejò kankan sí ilé wa rí, wọn ò fi akọrin kékeré kan ṣoṣo síbẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ ní ara àlejò ò ní balẹ̀ nílé ìmàle. Wọn ò sọ ọ́ lójú ìyá mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ rìn dé etí ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ mọ́. Ó dun ìyá mi dé eegun. Ohun tó ń fẹ́ kò ju kí ìjọ gbà pé ilé onígbàgbọ́ ni ilé òun náà.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, òjò àkọ́rọ̀ ṣí òrùlé bàbá tó máa ń gba pásítọ̀ sílé. Bàbá yìí ni olórí àwọn àgbà ìjọ. Ó wá ilé mìíràn títí, gbogbo ilé ti kún. Ló bá pe ìyá mi sẹ́yìn lẹ́yìn ìsìn, ó sọ̀rọ̀ tìkọ̀tìkọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀ yọ:

"Màmá, ẹ̀yin lẹ máa gba pásítọ̀ lọ́dún yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì wá o."

Ìyá mi kò dúró gbọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Ijó ló jó wọlé! Ó fọ aṣọ ojú fèrèsé, ó fọ èyí tó ti fọ̀, ó gbọn ẹní, ó ní kí n fi kànìnkànìn fọ ẹsẹ̀ tábìlì títí á fi dán. Bàbá mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àlejò rẹ, àlejò mi ni. Èmi fúnra mi ni n ó lọ pàdé ẹ̀ ní gáréèjì." Ó mú adìyẹ tó sanra jù nínú àgbàlá, ó fọwọ́ ara ẹ̀ dúńbú ẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀fà Garage nínú Ìlọrin lọ́sàn-án Sátidé yẹn, ẹnu bàbá mi la ti gbọ́ ọ, ó sì sọ ọ́ títí ó fi darúgbó. Wọ́n ti sọ fún un pé àgbàlagbà ni pásítọ̀ náà, aṣọ ńlá funfun ló máa wọ̀, á dé fìlà, á mú báàgì dúdú dání, mọ́tò tó ń ti Ọ̀fà bọ̀ ló sì máa wọ̀. Mọ́tò dúró, àgbàlagbà aláṣọ funfun sọ̀ kalẹ̀ tòun ti báàgì dúdú. Bàbá mi sáré bá a, ó gba báàgì lọ́wọ́ ẹ̀.

"Àsàlámù àlékùn. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Wọ́n ní kí n wá mú yín lọ sílé."

"Wàálékumu sàlámù. Ọlọ́hun á san yín lẹ́san. Mo ti ń retí yín."

Ó tán. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ìlú wa á ní kí ló dé tí ìkíni yẹn ò fi ta bàbá mi lólobó. Ní Ìlọrin wa, tẹ́ ẹ bá kí onígbàgbọ́ bẹ́ẹ̀, á dá yín lóhùn bẹ́ẹ̀. Bàbá mi tiẹ̀ ní òun sọ nínú ara òun pé pásítọ̀ yìí ọmọlúàbí ni. Kò sì bi í ní ìbéèrè kankan mọ́, nítorí nílé wa, èèwọ̀ ni kí á bi àlejò léèrè ọ̀rọ̀ kí ó tó jẹun. Wọ́n á ní o fẹ́ mọ̀ bóyá oúnjẹ rẹ tọ́ sí i.

Àlejò dé. Ìyá mi kúnlẹ̀, orúnkún ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ilẹ̀ jáde. Ó gbé iyán kalẹ̀, ó gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ti adìyẹ lé e. Àlejò sọ "Bìsìmílláì" kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kó tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, bàbá mi tó jókòó tì í gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ẹ̀ ló ti ń gbọ́ ọ nídìí oúnjẹ, etí ẹ̀ ò kà á sí. Àlejò jẹ iyán náà tán pátápátá. Ó ṣàdúrà fún ìyá mi pé kò ní fi ọwọ́ òsì tún tọ̀tún ṣe. Ìyá mi ń ṣe àmín, ojú ẹ̀ ń tàn.

Bí wọ́n ṣe pe ìrun Màgàríbì báyìí, àlejò nara, ó kọjú sí mi.

"Ọmọ mi, bá mi bomi sínú bútà kí n ṣe àlùwàlá. Apá ibo lẹ máa ń kọjú sí kírun nínú ilé yìí?"

Ìyá mi tó ń kó àwo lọ dúró gbagidi. Bàbá mi wo àlejò, ó wo ìyá mi, ó tún wo àlejò. Ẹ̀rín gbá a mú, ó bú sẹ́rìn-ín, àfìgbà tó rí ojú ìyàwó ẹ̀ ni ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu ẹ̀.

Àfáà ni! Àfáà gidi, tó wá fún wòlímọ̀ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Àlùkùráánì ní agbo-ilé kan lẹ́bàá Ọjà-Ọba. Wọ́n ti sọ fún òun náà pé wọ́n máa pàdé òun ní gáréèjì. Níbo wá ni pásítọ̀ wà? Àfáà ronú díẹ̀, ó ní, "Tí èmi bá wà níbí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé àwọn tó wá pàdé mi ni wọ́n gbé e lọ."

Wọ́n yára kírun, a sì bọ́ sórí alùpùpù. Bàbá mi wà níwájú, èmi wà láàárín, àfáà wà lẹ́yìn, ó ká aṣọ ńlá ẹ̀ mọ́ abẹ́ abíyá. Bàbá mi ń tẹ fèrè láìdáwọ́ dúró, àwọn èèyàn Ọjà-Ọba ń bẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo sì ń pariwo "Ẹ yà!" títí ohùn mi fi há. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, mi ò gbádùn ìrìn kankan tó bẹ́ẹ̀ rí.

A bá pásítọ̀ nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ ńlá. Ó ti bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ lórí ẹní, ó ń jẹ wàrà díndín, àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe wòlímọ̀ yí i ká, wọ́n ń ké Kéwú sí i létí, ó ń mi orí, inú ẹ̀ ń dùn. Wọ́n ti sọ fún un pé ilé mùsùlùmí ló máa dé sí, nítorí náà kò fura. Àwọn onílé náà ò bi í léèrè. Nígbà tí wọ́n kírun tí kò dìde, wọ́n ní arìnrìn-àjò lè da ìrun pọ̀ tó bá yá.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi bá na ọwọ́ sí báàgì pásítọ̀, ṣùgbọ́n baálé ilé náà, arúgbó onírùngbọ̀n funfun, di báàgì mú.

"Rárá o. Àlejò tó ti jẹun nílé wa, kó tún kó ẹrù jáde nírọ̀lẹ́? Kí ni wọ́n á ní a ṣe fún un? Ó dọ̀la."

Àfáà náà ní, "Òótọ́ ni. Ilé tí mo ti jẹ iyán ni n ó ti sùn."

Bàbá mi ò lè jà. Ọmọ Ìlọrin ni, ó mọ̀ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. A tún gbé àfáà padà sílé.

Ìyá mi gbọ́ ọ. Ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àfáà, ó gbé omi ìwẹ̀ fún un, ó kúnlẹ̀ ó ní ó dàárọ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ilé ìdáná, ó jókòó lórí àpótí, ó sunkún. Inú bí mi sí gbogbo àgbà ìjọ, ó tún bí mi sí iyán.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, bàbá mi gbé àfáà lọ síbi wòlímọ̀, ó gbé pásítọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ kò lè pa ẹ̀rín mọ́ra, ó ti ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún olórí àgbà ìjọ lẹ́nu géètì. Olórí àgbà ìjọ ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

Àṣà ìjọ wa ni pé kí pásítọ̀ àlejò tó wàásù, àwọn tó gbà á sílé á dìde, ọkọ àti ìyàwó, kí gbogbo ìjọ kí wọn. Olórí àgbà ìjọ dé ibẹ̀, ó wú ikọ́. Ó ní, "Tọdún yìí rú ni lójú díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọjá ibẹ̀." Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín sínú. Ìyá mi tẹ orí ba, ó di ìwé orin mú bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ẹ dákun, ẹ má kọjá ibẹ̀."

Ẹ̀yìn ni ohùn ti wá. Mo yíjú. Bàbá mi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti rí i pé àwọn ọkùnrin inú ìjọ ò dé fìlà, ó ti ṣí tiẹ̀, mi ò rí orí ẹ̀ lásán níta rí.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí ìyá yìí gba àlejò. Ó ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe, kò sẹ́ni tó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni mo lọ gbé ẹlòmíì ní gáréèjì, òun kò sí níbẹ̀. Ọkọ àti ìyàwó lẹ ní kó dìde, àbí? Èmi ti dìde o. Ó ku ìyàwó mi."

Ìyá mi dìde. Kò dúró níbi ìjókòó ẹ̀. Ó gba àárín ìjọ lọ sẹ́yìn, ó dúró ti bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà. Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, gbogbo ìjọ bá tẹ̀ lé e. Olórí àgbà ìjọ àti gbogbo wa pátá ló kọ ẹ̀yìn sí pẹpẹ ká tó lè kí wọn.