Igi Akòko Tí Mo Gé ní Onitsha

Ogun ti parí nígbà tí mo dé Onitsha láti wá ṣe olùkọ́. Owó epo ti ń wọlé, ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ń sáré lọ sáré bọ̀, gbogbo ènìyàn ń kọ́lé. Ìyàwó mi kọ̀ láti bá mi wá. Ó ní òun ò lè gbé ibi tí ihò ọta ìbọn ṣì wà lára ògiri. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ Yorùbá. Ni mo bá ro ẹ̀yìnkùlé, mo gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ. Bí ọwọ́ mi bá ti kan ilẹ̀, ọkàn mi á rọ̀.

Onílé mi, opó àgbàlagbà kan, nìkan ló ń yọjú sí mi. Pidgin la fi ń bára wa sọ̀rọ̀.

"Tísà, ṣé ní yunifásítì ni wọ́n ti kọ́ ọ pé kó o máa bá ẹ̀fọ́ sọ̀rọ̀?"

"Mama, òun nìkan ló gbọ́ èdè mi níbí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní hóró ugu gbìn.

Igi akòko kan wà ní kọ̀rọ̀ ọgbà náà, kò nípọn ju apá mi lọ. Nílé wa, ewé oyè ni akòko: wọ́n á fi sórí olóyè tuntun, ó parí. Èyí ń ṣíji bo ẹ̀fọ́ mi. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gé e, mo sì hú gbòǹgbò rẹ̀.

Mama dúró, ó wò ó pẹ́.

"Ta ló gé e?"

"Èmi ni, Mama. Kò jẹ́ kí ẹ̀fọ́ rí oòrùn."

"Ó dáa. Ẹ̀fọ́ rẹ ti rí oòrùn. Ọkọ mi ńkọ́?"

Ìgbà ogun ni ọkọ rẹ̀ kú, kọ̀rọ̀ ọgbà yẹn ni wọ́n sì sin ín sí. Kò sí sìmẹ́ǹtì tí wọn ìbá fi ṣe sàréè. Akòko ni wọ́n gbìn síbẹ̀, bí àṣà wọn, kí ojú oórì náà má baà sọnù. Nínú gbogbo ìwé tí mo kà, n kò rí èyí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, kò kí mi mọ́.

Mo rántí pé bàbá mi a máa fi igi akòko tútù ṣe ọgbà, tí yóò sì hù. Mo ri igi náà padà sójú ihò rẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́, garawa omi kan ṣoṣo ni mò ń rí lójúmọ́. Igi ni mò ń da gbogbo rẹ̀ sí nídìí. Tẹ̀tẹ̀ kú, ṣọkọ kú, ugu rọ. Láràárọ̀ ni mò ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ Mama yí igi náà ká.

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, mo rí ewé wẹ́wẹ́ méjì lára rẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn Mama. Ó jáde, ó rọra fọwọ́ kan ewé náà, ó wá wo ẹ̀fọ́ mi tó gbẹ. Ó gbé garawa tirẹ̀ jáde, ó bu omi sídìí igi, ó da ìyókù sídìí ugu mi.

"Tísà," ló wí, "o jí ire?"

Mo ti darúgbó nílé báyìí. Èmi náà gbin akòko síbi tí ìyàwó mi sùn sí. Àwọn ará àdúgbò a máa bi mí pé oyè wo ni mo fẹ́ jẹ. Mo kàn ń bomi rin ín.