Bí Kò Bá Sí Ìwé Mọ́ṣúárì

Inú fóònù ni Sàídátù ti gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ kẹ́yìn. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ ìsinmi Làsísì lẹ́nu iṣẹ́. Ó pè láti mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé wọn ní Dópẹ̀mú, pé àwọn fẹ́ bá lèmọ́mù tún ẹ̀rọ omi ṣe lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ó ní, "Bí mo bá pẹ́, ẹ máa jẹun."

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, bí ẹni tó ń ka òfin fún ọmọ iléèwé. Bí òjò bá ṣú, ẹ ká aṣọ. Bí gáàsì bá ti ń tán, ẹ pè mí. Ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí wọn yóò ṣe bí òun kò bá dé rárá. Ó forí kanlẹ̀ lórí ìrun, kò sì gbé e sókè mọ́. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ rò pé àdúrà rẹ̀ ló gùn. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti dì í láṣọ funfun, ilẹ̀ ti bò ó. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, òkú kì í bá alààyè sùn mọ́jú.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Làsísì fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Orégùn tí wọ́n ti ń ṣe ìdérí ìgò ike. Ẹni tó ń ṣí géètì ibẹ̀ gan-an kì í wo aago. Bó bá ti rí Làsísì tó dúró níta, ó mọ̀ pé òun ti pẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ Uswat ọmọ rẹ̀ lórúkọ, ó dúró gbọ́ orúkọ, ó fi ẹnu kan oyin, ó sì bọ́ sọ́nà Orégùn. Sàídátù bínú sí i fún odidi oṣù kan. Ike gbígbóná ti pọ́n ìka rẹ̀ dán, débi pé nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tí òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ka mọ́ láràárọ̀ dé, ẹ̀rọ náà ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ó tẹ̀ ẹ́ tì. Ó bi ẹ̀rọ náà bóyá kí òun lọ yá ìka míì wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní kó máa fi ọmọńdinrín tẹ̀ ẹ́.

Àṣé ẹ̀rọ ìka kéré sí èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Lọ́dún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé kọ̀ǹpútà ni yóò máa wádìí òṣìṣẹ́ tí kò bá wá síṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ayọ̀tọ́lá ló kọ àṣẹ sínú rẹ̀. Bí ẹnì kan kò bá tẹ̀ka, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Bó bá dáhùn báyìí, gba ọ̀nà ọ̀tún. Bó bá dáhùn bẹ́ẹ̀, gba ọ̀nà òsì. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà náà kì í gba rìbá, kì í sì í ṣe ojúsàájú. Òótọ́ ni. Bó ṣe ń yọ alààyè lẹ́nu náà ló ń yọ òkú lẹ́nu.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin Làsísì, ibi tí àlùfáà ti ń ṣàdúrà lọ́wọ́ ni fóònù olóògbé ti dún. Uswat kà á sókè kó tó ronú pé kò yẹ kóun kà á. Ilé-iṣẹ́ ní àwọn kò rí Làsísì. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, kó tẹ ení. Bó bá ti gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, kó tẹ èjì. Bó bá wà lójú ọ̀nà, kó tẹ ẹ̀ta.

Uswat kọ ọ́ ránṣẹ́ pé bàbá òun ti kú. Èsì dé kí omijé rẹ̀ tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́: ìdáhùn yín kò yé wa, ẹ yan ení, èjì tàbí ẹ̀ta.

Ẹnì kan ní kí wọ́n tẹ èjì, nítorí Ọba tó ju gbogbo ọ̀gá lọ ló fún un láyè. Àlùfáà gan-an pa ẹ̀rín mọ́ra. Sàídátù ní kí ọmọ òun tẹ ení, kí wọ́n lè ráyè parí àdúrà. Ó ní ṣebí ara ẹni tó kú kò yá náà nìyẹn. Uswat tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà kí Làsísì kú ara àìyá, ó ní Ọlọ́run yóò wò ó sàn, ó sì ní kó mú ìwé dókítà wá láàárín ọjọ́ méjì.

Ta ni yóò mú ìwé dókítà wá? Ọjọ́ méjì pé, ó di mẹ́rin. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Ishaq, tí òun àti Làsísì jọ ń ṣiṣẹ́, yà láti Agége. Kò jókòó. Ó ní fọ́tò Làsísì wà lára bọ́ọ̀dù ẹnu géètì, láàárín àwọn tó sá kúrò níṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé ó purọ́ àìsàn, ó sì sá lọ.

Ikú Làsísì dun Sàídátù, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló ṣe ìyẹn. Ta ló ṣe èyí? Ọkùnrin tó fi ìsọmọlórúkọ sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ ni wọ́n sọ di ìsáǹsá, níbi tí ìdajì àdúgbò ń gbà kọjá lọ síbi iṣẹ́.

Ó gba ìwé lọ́wọ́ lèmọ́mù, pẹ̀lú òǹtẹ̀ mọ́ṣáláṣí lára rẹ̀, ó sì gba Orégùn lọ. Omidan tó ń gba àlejò, Peace, kí i dáadáa, ó bá a dárò. Ó ní ní tòótọ́, àyè ikú wà nínú kọ̀ǹpútà, àwọn ará ọ́fíìsì nìkan ló lè tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà béèrè ìwé mọ́ṣúárì. Peace fi ìwé lèmọ́mù hàn án. Kọ̀ǹpútà kò gbà. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ìgbà kẹta, fóònù Làsísì dún nínú báàgì Sàídátù: ilé-iṣẹ́ tún ń bi í ìdí tí kò fi wá síṣẹ́.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ayọ̀tọ́lá. Ọmọ tó mọ ara í tọ́jú ni, ó sì fi orúnkún kan kanlẹ̀ kí i. Sàídátù ní kó ka ohun tó kọ sínú ẹ̀rọ náà fún òun, kó kà á ní Yorùbá.

Ó kà á. "Bí òṣìṣẹ́ bá kú, béèrè ìwé mọ́ṣúárì. Bó bá wà, pa orúkọ rẹ̀ dé. Bí kò bá sí, padà sókè."

"Òkè wo?"

"Ibi tó ti ń béèrè ìdí tí wọn ò fi wá síṣẹ́ ni, mà."

"Ìyẹn ni pé bí mi ò bá tíì gbé ọkọ mi sínú yìnyín, kò tíì kú."

Sàídátù bi í pé ọmọ ibo ni. Ó ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni. Ó ní nígbà tí ìyá àgbà òun kú, ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi wà ní mọ́ṣúárì, títí wọ́n fi kun ilé tán tí ẹ̀gbọ́n bàbá òun fi ti òkè òkun dé. Òun kò mọ̀ pé òkú kan lè wà tí kò ní gba mọ́ṣúárì kọjá. Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn ló kọ sílẹ̀, ó sì rò pé gbogbo ayé lòun kọ.

Sàídátù ní, "Ìyá àgbà yín dúró de ọ̀dà. Tiwa kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Ó wá sọ iṣẹ́ tirẹ̀ fún un. Àlòkù àpò ìrẹsì àti ti ìyẹ̀fun ló ń rà láwọn ilé-iṣẹ́, tó ń rán, tó sì ń tà ní Dópẹ̀mú. Bí ẹnu àpò bá ya, ó lọ sí ọ̀tún. Bí ìdí rẹ̀ bá jò, ó lọ sí òsì. Bó bá ti jẹrà, ó di àkísà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ ni òkìtì kẹrin ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ti àwọn àpò tí kò yé e. Kì í sọ ìwọ̀nyẹn nù, kì í sì í fi wọ́n kún èyí tó jẹrà. Ó máa ń fi wọ́n sílẹ̀ títí yóò fi ráyè fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò.

"Ọmọ mi, ẹ̀rọ rẹ ò ní òkìtì kẹrin. Ohun tí kò bá ti yé e, olè ló ń pè é."

Peace fi ọwọ́ bo ẹnu. Ayọ̀tọ́lá ní òótọ́ ni ìyá sọ, pé òun lè kọ ọ́ sí i kí ẹyin tó jinná. Sàídátù ní kó kọ ọ́. Ayọ̀tọ́lá ní òun kò lè fọwọ́ kan òfin láìgba àṣẹ ọ̀gá, àti pé inú kọ̀ǹpútà náà ni wọ́n ti ń béèrè àṣẹ. Bí ọ̀gá kò bá dáhùn láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kọ̀ǹpútà yóò dá ìbéèrè padà fún ẹni tó béèrè. Ọ̀gá sì ti rìnrìn àjò.

"Ta ló kọ ìyẹn?"

"Èmi náà ni, mà."

Sàídátù rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́bọ̀ yẹn. Ẹ̀rín náà kò dùn ún gbọ́.

Nígbà tó ń jáde, ó yọ fọ́tò náà lára bọ́ọ̀dù. Ẹni tó ń ṣí géètì wo ọ̀nà ibòmíràn. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni kọ̀ǹpútà ń tẹ orúkọ àti fọ́tò àwọn ìsáǹsá jáde, ọkùnrin yìí kan náà ni iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ láti lẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó lẹ òmíràn mọ́ ọn. Sàídátù tún lọ yọ ọ́. Mọ́kànlá ló ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ báyìí, Làsísì mọ́kànlá tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, tó ranjú mọ́ni. Kò sí fọ́tò rẹ̀ míì tó dára tó o nílé.

Ayọ̀tọ́lá ṣì ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ó sì ń padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá ti ti ìrìnàjò dé. Kò tíì dáhùn. Wọn kò tíì kọ òkìtì kẹrin sínú ẹ̀rọ náà. Ní Orégùn, Làsísì kò tíì kú.