Bí Mo Ṣe Lọ Bi Olùkọ́ Ọmọ Mi Léèrè Nípa Erékùṣù

Aago márùn-ún kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni èmi àti Mojísọ́lá, ọmọ mi obìnrin, jáde nílé wa ní Castle Green, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilẹ̀ ò tíì mọ́, òtútù oṣù kọkànlá sì ń jẹ wá létí. Aago mẹ́sàn-án ni olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì dá fún wa, ṣùgbọ́n èmi kì í fi àkókò ṣeré.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Mojísọ́lá. Ohun àtijọ́ tí a ń wú nínú ilẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tó ń kọ́. Wọ́n yan òun àti àwọn márùn-ún mìíràn láti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní erékùṣù kan ní Fíjì, ní òdì kejì ayé, kí wọ́n walẹ̀ níbi tí àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Ó ti dàgbà tó láti fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun ń lọ, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní fọwọ́ sí i àfi tí mo bá gbà. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gba ìwé. Èmi ò sì tíì gbà. Mo kọ ìbéèrè mẹ́rìndínlógún sínú ìwé kékeré kan, mo ní kó mú mi lọ bá olùkọ́ náà.

A wọ bọ́ọ̀sì dé Barking Riverside. Rélùwéè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Mojísọ́lá ní ọkọ̀ ojú omi la máa wọ̀, kí n lè rí i pé ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe pósí. Ní Ẹ̀pẹ́, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí ọkọ̀ tó ṣí, ẹnì kan á gbàdúrà, gbogbo wa á ṣe àmín. Níbí, ohùn kan ló sọ ibi tí ẹ̀wù amúniléfòó wà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan tèmi lábẹ́ àga, mo fọwọ́ kan ti ọmọ mi, mo wá ṣe àmín tèmi. Pọ́n-ùn mẹ́ta ni wọ́n ń ta ife tíì kan. A pín in mu.

Kúlà kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ mi, ìkọ́kọrẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí. A kì í lọ kí olùkọ́ ọmọ ẹni lọ́wọ́ òfo. Láti àná ni Mojísọ́lá ti ń bẹ̀ mí pé kí n fi í sílẹ̀, pé kò sẹ́ni tó ń gbé oúnjẹ wá fún tíṣà ní yunifásítì.

Nígbà tí a dé yunifásítì, mo rí i pé ọmọ Fíjì ni olùkọ́ náà fúnra rẹ̀, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó ní oúnjẹ ò gbọdọ̀ wọ yàrá iṣẹ́ àwọn, ló bá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó bi mí ohun tí a fi sè é. Mo ní iṣu kan ni, ewùrà, tí a rin. Ó sáré wọlé, ó mú fọ́tò kan jáde. Ewùrà ni mo rí níbẹ̀! Ó ní uvi ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, pé àwọn tó kọ́kọ́ dé Fíjì, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún sẹ́yìn, ń kó ohun ọ̀gbìn àti adìyẹ sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn. Ó ní láti apá ibẹ̀ ni ewùrà ti gba ojú òkun dé Áfíríkà.

“Rárá o,” ni mo wí. “Ìjẹ̀bú ló ni ín.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ohun tí ìyá tèmi náà ń sọ nípa tiwa nìyẹn.”

Ó fi èéfọ́ ìkòkò, ìkarahun àti egungun adìyẹ tí wọ́n jọ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ hàn wá. Mo wo egungun náà pẹ́. Ẹni tó ń gbé adìyẹ dání kò lọ ṣeré. Ó mọ̀ pé òun ń lọ tẹ̀dó ni.

Mo wá ṣí ìwé mi. Ọsibítù? Wákàtí méjì nínú ọkọ̀. Omi mímu? Wọ́n ń sè é. Ẹ̀fọn? Àwọ̀n ẹ̀fọn wà fún oníkálukú. Ó dáhùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìkánjú. Ìkẹrìndínlógún ni pé ṣé ó lè ṣèlérí pé yóò dá ọmọ mi padà láìfarapa. Mojísọ́lá ń wolẹ̀.

“Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn, ìyá,” ló wí. “Ohun tí mo lè ṣe ni kí n máa ka gbogbo àwọn ọmọ náà, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.”

Bó bá ṣèlérí ni, ǹ bá mọ̀ pé irọ́ ni, ǹ bá sì mú ọmọ mi lọ sílé láìgbà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń dúpẹ́ títí di òní.

Rélùwéè la wọ̀ bọ̀. A ra búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtajà Vicarage Field, a délé ní aago kan ààbọ̀. Kí n tó bọ́ bàtà ni mo sọ fún un pé kó fọwọ́ sí i. Kò bi mí léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Orí tábìlì ìdáná ló ti fọwọ́ sí i, tó sì wá dì mọ́ mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ẹnì kan ló dúró ní èbúté fún gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀, a kì í sì í rántí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pe ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ní mo dúpẹ́ pé wọ́n gbà kí n wá sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlélógún.

“Ta ló gbà?” ni wọ́n wí. “Èmi ò gbà o. Mo kàn sìn ẹ́ dé gáréèjì ni.”