Délé ní ìkíni kì í gba àkókò

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó bá Délé jà.

Èmi àti ẹ̀ la jọ ń kọ́ kọ̀ǹpútà kan ní bí èrò ṣe ń wọlé tí wọ́n ń jáde nílé ìwòsàn kan n'Íkẹ́rẹ́: ta ló dé, ta ló ń dúró, ta ni nọ́ọ̀sì pè. Kọ̀ǹpútà ò mọ nǹkan kan fúnra ẹ̀. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tí nǹkan kọ̀ọ̀kan jẹ́ fún un, àti bó ṣe kan èkejì. Àkọsílẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní ọ́ńtọ́lọ́jì. Ọ̀gá wa fẹ́ rí i lónìí kó tó lọ sí Adó.

Mo kọ "ìkíni" sí i. Ta ló ń wọlé n'Íkẹ́rẹ́ tí ò ní kí gbogbo ẹni tó bá lórí bẹ́ǹṣì?

Délé pa á rẹ́. "Ohun tó ń gba àkókò nìkan la ń kọ síbẹ̀. Ìkíni kì í gba àkókò jàre."

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lẹ́nu ẹ̀ tí bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ fi yà kí wa. Délé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó béèrè màmá, ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè iṣu tó wà lóko wọn ní Àgbàdo, ó tún béèrè orúnkún bàbá.

"Ulé ńkọ́?" ni bàbá náà fi béèrè ilé tiẹ̀.

Délé bẹ̀rẹ̀ látorí ìyàwó ẹ̀ títí dórí àwọn àna ẹ̀.

Ìgbà tá a fi máa dé ọ́fíìsì ọ̀gá, wọ́n ti tilẹ̀kùn. Ọ̀gá ti wà lọ́nà Adó.

Délé mí kanlẹ̀. "Ṣó o rí i? Kọ̀ǹpútà ẹ yìí ló lọ́ra."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibo ni kí n kọ Délé sí nínú ọ́ńtọ́lọ́jì yìí?